Ìjókòó Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Wa Ti Di Ti Ìyá Rẹ

Ẹ̀gùá,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú ọyẹ́.

Fẹ́yìsetán ọmọ mi,

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ nípa ọkọ̀ tó yé mi, iwájú ilé ni mo sì wà nígbà tó yé mi. Ọyẹ́ ti dí mi nímú láti ọjọ́ mẹ́ta, àtẹ̀gùn mẹ́rin péré tó wà níwájú ilé wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń dúró mí kí n tó gùn ún tán. Ni mo bá fọn imú lẹ́ẹ̀kan, gbàà, ihò méjèèjì là, mo sì gun àtẹ̀gùn náà bí ọmọ ogún ọdún. Mo dúró lókè, mo ní háà, ohun tó ń ṣe Àpèkẹ́ gan-an nìyí! Ọkọ̀ pupa kékeré tó gbé ọ lọ ilé ìwé, tí gbogbo wa ń sọ pé ó ti darúgbó, ogbó kọ́ ló ń ṣe é, imú ló dí.

Má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí ọ, ayọ̀ ló gbé mi kọjá ẹnu ọ̀nà. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ò ń jẹun yó? Ọlọ́run tó mọ ilé rẹ ní Èkó, ibi tí èmi bàbá rẹ kò lè júwe, kò ní ṣìnà nígbà tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Àwa náà wà dáadáa. Ewúrẹ́ funfun bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́, nítorí òjò kò rọ̀ mọ́. Ìyá rẹ ń kí ọ. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló ti rán mi ní kíkí náà, kó tó di pé kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí náà bó bá ti tutù díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, fi orí jì wá.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo pè ọ́. Obìnrin kan ló gbé e, ó ń sọ Faransé, mo kí i títí, mo bi í bóyá ìwọ àti òun lẹ jọ ń gbé yàrá, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Tísà Ọlábímpé, tó ń bá mi ka ohun tí o bá fi ránṣẹ́ nítorí lẹ́tà fóònù kéré jù fún ojú mi, ní fóònù mi ló ń gbá ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ òdì kejì ibodè mú. Ìyẹn ló tún yà mí lẹ́nu. Láti oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ti ibodè pa, ìrẹsì ò gbọdọ̀ wọlé, adìẹ ò gbọdọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń wọlé sínú àpò mi lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó dá a dúró. Mo ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn níbi tó yẹ, wàá gbọ́ ọ níwájú.

Kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ibodè pa, àwọn obìnrin onígàrí wa ò lè ná ọjà òdì kejì mọ́, ọjà Ayétòrò ni gbogbo wọn fẹ́ máa ná. Ẹ̀gbọ́n Mùínátù ni olórí wọn, òun ló sì sọ níwájú gbogbo ayé pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá lè gbé àpò gàrí mẹ́fà gun òkè tó wà lẹ́yìn afárá, láìjẹ́ pé àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ wá tì í, òun ni yóò máa gbé ẹrù wọn ní gbogbo ọjọ́ ọjà. O mọ̀ pé ẹ̀yìn mi ti kọ oko. Bí mi ò bá rí iṣẹ́ yìí, ìjókòó ìta ló kù fún mi, kí n máa ka àwọn tó ń kọjá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú àpò mẹ́ta péré, ìdajì òkè ni Àpèkẹ́ dé tó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, tó sì ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Ọkọ Hùmúàní tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí òun náà ń wá iṣẹ́ yìí, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi okùn fà yín, kí ẹ̀yin ṣáà máa bá mi tẹ fèrè. Gbogbo obìnrin yẹn ló rẹ́rìn-ín. Epo bẹntiróòlù gan-an ti di ohun à ń fi àtùpà wá láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí wọ́n má gbé e súnmọ́ ibodè mọ́, mi ò lè máa fi ṣòfò lórí òkè tí mi ò ní gùn tán. Ìdí tí mo fi ní kí o bá mi wá ọgbọ́n tí kò ní náni lówó nìyẹn.

Tísà ka èsì rẹ sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàrúwà mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ ohun tí o pè ní àsẹ́ afẹ́fẹ́, ibi tí ọkọ̀ ń gbà mí, ó ní kí n wò ó. Fẹ́yìsetán, eruku tó wà níbẹ̀ tó láti fi mọ ààrò. Ìyẹ̀fun gàrí wà níbẹ̀, ìyẹ́ adìẹ wà níbẹ̀, eku kan sì ti tẹ́ ibùsùn síbẹ̀, ó bímọ mẹ́ta. Bàrúwà gbọ̀n ọ́n, ó fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, ó ní ó ti tó. Èmi mọ̀ pé kò tíì tó. Nígbà tó yíjú, mo fi Róòbù díẹ̀ pa ihò imú náà yíká, bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Bàrúwà ní kí ló ń rùn báyìí, mo ní iṣẹ́ rẹ ni kí o gbájú mọ́.

Púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú bí eyín amutábà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ wọ́n títí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo fọ̀ wọ́n tán ni mo rí i pé búrọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ ni. Mo ti ṣàn án, mo ti dá a padà, má sọ fún un. Ní ti ọ́ìlì, mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí kò ní àbùlà dé ọ̀dọ̀ Bàrúwà kó tó ṣàlàyé fún mi pé irú èyí tí o ń wí kọ́ nìyẹn. Ó fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i, ó gbé kẹ́ẹ̀gì tèmi wọlé, ó ní òun ti gba owó iṣẹ́. Táyà náà la fẹ́ títí ó fi le bí orí àgbò.

Ó wá ku èyí tí o kọ kẹ́yìn, pé kí a yọ gbogbo ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n. Láti inú búùtù la ti yọ ọlọ ìyá mi àgbà, àáké tí kò ní èékù, páànù òrùlé mẹ́ta, àti bàtà ilé ìwé rẹ, ẹsẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo wo ìjókòó ẹ̀yìn. Mo ní ta ló ń jókòó níbẹ̀? Gàrí ni. Ṣé gàrí nílò tìmùtìmù? Bàrúwà tú nọ́ọ̀tì, a gbé e jáde. Mo tún wo ìyá rẹ. Mi ò sọ nǹkan kan o, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó sì ní kí n gbé ojú yẹn kúrò lára òun. Kí ìjà má baà dé, mo ní ẹ̀bùn ni mo mú wá fún un, kó gba ìjókòó náà kó máa fi jókòó yan gàrí.

Ní Ọjọ́bọ̀, àpò mẹ́fà, Ẹ̀gbọ́n Mùínátù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú, ó di ilẹ̀kùn mú, ó dijú, ó ń ké pe Ọlọ́run. Àpèkẹ́ gun òkè yẹn, ọmọ mi, kò wúkọ́, kò sín, kò wẹ̀yìn. Lókè pátápátá ni Ẹ̀gbọ́n tó lajú, ó ní iṣẹ́ ti di tìrẹ, láti Ọjọ́rú tó ń bọ̀, àpò mẹ́fà, má jẹ̀ẹ́ kí n dúró dè ọ́. Mo já ẹrù sílẹ̀, mo ń padà bọ̀ wálé lémi nìkan, ọkọ̀ ṣófo, ojú ọ̀nà mọ́, mo ní kí n mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Ibi tí mo ti ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ ni mo ti bá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lójú ọ̀nà.

Ọ̀gá tó dá mi dúró jẹ́ ọmọlúàbí, ó ní Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ó wo inú ọkọ̀ títí, mo mọ̀ pé ó wù ú. Ó bi mí pé níbo ni ìjókòó ẹ̀yìn wà. Mo ní ìyàwó mi ló jókòó lé e. Ó tún wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá yóò rí i. Ó tẹ táyà, ó ní kí ló dé tó le tó báyìí, mo ní kó lè gbé ẹrù ni. Ó ní irú ẹrù wo? Mo ní àpò ni, mẹ́fà mẹ́fà, lọ́jọ́ ọjà. Ó gbóòórùn, ó ní òórùn kí ni mo ń bò mọ́lẹ̀, mo ní kò sóhun tí mo ń bò, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe ọkọ̀, Róòbù ni mo fi pa á. Ó wá bi mí bóyá ọkọ̀ náà ń sáré. Àh! Ta ló ń bi baba ọmọ bóyá ọmọ rẹ̀ mọ̀wé? Mo ní Ọ̀gá, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́, ọkọ̀ yín tó ní iná lórí yẹn, eruku Àpèkẹ́ nìkan ló máa rí. Ó mú ìwé, ó ń kọ ọ́. Inú mi dùn pé ìjọba ń kọ nípa ọkọ̀ mi. Ó ní ta ló kọ́ mi ní gbogbo èyí, mo ní ọmọ mi obìnrin tó wà ní Èkó ni, òun ló ń fi àṣẹ ránṣẹ́ lórí fóònù, àwa kàn ń ṣe é ni. Mo pe orúkọ rẹ fún un létòlétò, mo fi nọ́ńbà rẹ kún un kí wọ́n má baà ṣì ọ́ mú. Orúkọ rẹ ti wà nínú ìwé ìjọba báyìí, kì í ṣe gbogbo ọmọ Ẹ̀gùá ló débẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti wà lẹ́nu ọ̀rọ̀, mo fẹjọ́ obìnrin elédè Faransé yẹn sùn. Mo gbé fóònù sí i létí, ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ìgbà yẹn ló fara ti ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ gbọ́, ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ ní agbègbè yìí, ìrẹsì fàyàwọ́ ni wọ́n yọ ọ́ fún. Ó ní òun gbà pé gàrí ni tèmi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yóò dúró lọ́dọ̀ àwọn títí màá fi gbé ìjókòó wá, kí mẹkáníìkì dè é padà níṣojú òun. Ó ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ lójú tèmi, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí ìdúró, kò sí àga kan níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n ti béèrè ẹrù tí wọ́n bá nínú ọkọ̀, mo kọ fìlà mi kan. Ibi tí wọ́n ti béèrè ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n, mo kọ ọdún tí a bí ọ, ẹ ò ní ju ara yín lọ púpọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ọkọ Hùmúàní ló gbé mi délé. Kò gbowó, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ní kí n fara balẹ̀ jókòó, pé tòun ní ìjókòó lẹ́yìn.

Mo bá ìyá rẹ nídìí ààrò, ó ti fi aṣọ òdòdó bo ìjókòó náà, ó fẹ̀yìn tì í bí ìyá ọba. Mo ṣàlàyé. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun ti ń jókòó sórí àpótí nílé mi, àga tó ní ẹ̀yìn kò kan òun rí, àti pé láti ìgbà tí òun ti jókòó sí èyí, ìbàdí tó ti ń dun òun láti ìgbà tí òun ti bí ọ kò dun òun mọ́. Ó ní ẹ̀bùn ni mo pè é, ta ló ń gba ẹ̀bùn padà? Ó ní bí Ọ̀gá yẹn bá fẹ́ rí i, kó máa bọ̀, òun á sún fún un. Mo ní ká fi àpótí méjì rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀, Bàrúwà ní kò sí nọ́ọ̀tì tó ń mú àpótí. Níkẹyìn ìyá rẹ ní ó dára, kí n gbé e, ṣùgbọ́n ibi tí àga òun bá ń lọ lòun náà ń lọ, lọ́jọ́ ọjà pàápàá. Láti ìgbà náà ni kò ti bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo lọ bi Bàrúwà bóyá ó lè ṣeé ṣe. Ó wo ìyá rẹ láti òkèèrè, ó fi ìka ṣírò, ó ní bí ìjókòó bá padà, tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì bá a lọ, àpò méjì ló máa dé orí òkè.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọjà. Ẹ̀gbọ́n Mùínátù ò tíì gbọ́ nǹkan kan, ọkọ Hùmúàní sì ń fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Tísà Ọlábímpé ń bọ̀ wá sí Èkó lọ́la, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń padà, òun ni kí o fi èsì rán. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kí obìnrin yẹn má baà gbọ́ ọ ṣáájú wa. Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi owó àga kan kún un, kan péré, tó rọ̀, tó ní ẹ̀yìn. Bí kò bá ká a, tìmùtìmù lásán náà kò burú. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, dá wọn lóhùn dáadáa, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n.

Ohun tó ń gbé ọ gun òkè kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà. Imú rẹ kò ní dí, ọ̀nà rẹ kò ní dí. Àwọn tó máa tì ọ́ sókè kò ní fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Àmín.

Èmi bàbá rẹ, Ọdẹkúnlé, tó ń kọ lẹ́tà yìí lórí àpótí, ni mo wá ń bi ọ́: ìwọ tí o ní ká yọ ohun tí kò wúlò kúrò, ọgbọ́n wo ni ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé fi ń yọ ohun tó wúlò kúrò lábẹ́ ẹni tó jókòó lé e?