Ohùn Inú Ahoro Ilé Ńlá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìrọ́jú ìdálẹ̀. Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara wa le. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ Màmá tó wú rọlẹ̀, ọkọ mi sì ti kan òrùlé tó ń jò.

Ẹ ó rántí ahoro ilé ńlá àtijọ́ tí wọ́n ní òkú ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tí Bàbá wa bá onílé rẹ́ ògiri rẹ̀ nígbà ayé wọn. Wọ́n ní ohùn náà tún ti bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Ẹ mọ̀ mí, mi ò kì í gba àgbọ́sọ. Mo lọ.

Màmá ni mo bá. Wọ́n gbé ọwọ́ lé àmì àtẹ́lẹwọ́ tí Bàbá tẹ̀ sára ògiri nígbà tó ṣì tutù, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe níbi iṣẹ́ gbogbo, wọ́n ń ròyìn ilé: ẹsẹ̀ tó rọlẹ̀, òrùlé tí kò jò mọ́.

Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń lé gbogbo àdúgbò sá?”

Wọ́n ní, “Ta ló ní kí wọ́n sá? Bàbá yín ń béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ.”

Olúwa á pa yín mọ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pe Màmá láàárọ̀, kí wọ́n lè rí tiyín sọ fún Bàbá lọ́sàn-án.

Àbúrò yín obìnrin.