Iṣẹ́ Tí A Ti Dúpẹ́ Fún

Ilé wa,
Ìlá-Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, nítorí inú èmi tí mo ń kọ ọ́ kò dùn rárá. Ara bàbá rẹ le, ẹsẹ̀ mi náà sì ti ń fúyẹ́.

Nígbà tí o pè pé o ti ríṣẹ́ sí ilé ìwádìí ńlá kan, bàbá rẹ ò tilẹ̀ jẹ́ kí o parí ọ̀rọ̀. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀rà, wọ́n kó ogójì iṣu wá, a sì jó lọ síwájú pẹpẹ. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà lo tó fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo kà á, àṣé àdó olóró núkílíà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Moyọ̀, a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún bọ́ǹbù!

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Ìwọ gan-an lo bá mi kun àwòrán ayé kan lójọ́sí, tí a fi àwọ̀ ewé kun àwọn agbègbè tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ò ní ṣe bọ́ǹbù yìí, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé e wá síbẹ̀: gbogbo Áfíríkà, Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Mo sọ fún ọ pé Gúúsù Áfíríkà ṣe mẹ́fà tán, wọ́n tún fọwọ́ ara wọn tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ká. O pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí mo rán ọ létí àwòrán náà lórí fóònù, èsì tí o fún mi nìyí: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé lásán ni. Àwọn tí kò ní in ló ń ṣèlérí pé àwọn ò ní ní in.” O tún ní o ti di ọmọ Amẹ́ríkà báyìí. Ó dùn mí, nítorí irọ́ kọ́ lo pa tán. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà yín ti bu ọwọ́ lu ìlérí pé òun ò ní fi bọ́ǹbù yìí bá ilẹ̀ Áfíríkà wa jà, ilé aṣòfin wọn ò sì tíì fàṣẹ sí i títí di òní. Tí mo bá rántí rẹ̀, orí mi a gbóná. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n lè gbé e dé ń kéré sí i, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Wọn ò sì lè ṣe é láìsí ọwọ́ èèyàn. Ọwọ́ tìrẹ ni wọ́n ń wá yìí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dìde nínú ìjọ, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà kí iṣẹ́ náà bọ́. Ìyá Bọ́láwùmí tó jókòó tì mí fa aṣọ mi: “Ìyá Moyọ̀, ẹ jókòó, ọ̀tá ló ń lo ẹnu yín.” Mi ò jókòó. Bàbá rẹ mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, “oúnjẹ dà?” nìkan ló ń bá mi sọ.

O ní ìparí oṣù yìí ni wàá fún wọn lésì. Mo bẹ̀ ọ́, sọ pé o ò ṣe. Àwọn ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ ń wá irú ìmọ̀ ìtànṣán núkílíà tí o ní.

Olúwa yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣe ohun tí ojú rẹ kò ní lè wò.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò ní yé bá ọ wí,
Fọláṣadé.

Àfikún: Mo fi lẹ́tà yìí sórí tábìlì, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo dé, bàbá rẹ ti kà á tán, awò rẹ̀ ṣì wà lójú. Kò wò mí. Ó ní, “Kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ tìrẹ nìkan lo kọ síbẹ̀?” Ó gba báírò lọ́wọ́ mi. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí:

Bàbá rẹ, Dáhùnsí.