“Bẹ́ẹ̀ Ni” Tí Mo Sọ fún Ìyá Ethan

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kẹfà 2025

Mo ti dáràn.

Moráyọ̀ ọmọ mi pè mí ní fídíò láti Canada kí n lè rí àwọn òbí Ethan, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ ni wọ́n – oko àlìkámà tí ojú ò tó òpin rẹ̀. Patricia, ìyá Ethan, ní ọ̀nà ìrìn afẹ́ kan wà lẹ́yìn oko àwọn, ó gba àárín oko kọjá títí dé àwọn òkè oníyanrìn. Gbogbo oṣù kẹjọ ni ẹbí wọn máa ń rìn ín láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá wá lọ́dún yìí, ṣé màá bá wọn rìn? Ṣé mo fẹ́ràn ìrìn?

Ta ló máa sọ “rárá” fún àna lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fojú kanra? Mo ní, “Very well! I walk every day!”

Irọ́ gbuu. Láti ilé mi ní Yarnton Way, ní London níbí, dé ibùdókọ̀ ni ìrìn mi mọ.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa tán lẹ́nu wa, èmi náà bi í bóyá ó máa ń jẹ ata. Ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, bó ti wù kó ta tó. Obìnrin dáadáa. Mo ní màá se ọbẹ̀ tó ta dáadáa fún un. Moráyọ̀ kàn ń wò mí ni – ó mọ̀ mí.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹfà

Ra bàtà ìrìn ní Powis Street. Ó wúwo bí odó.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà

Lẹ́yìn iṣẹ́, mo bọ́ sórí ọ̀nà Ridgeway. (Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Barnfield Estate ní kí n rọra ṣe o. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún!) Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó ga ni, koríko lọ́tùn-ún, koríko lósì, páìpù omi ẹ̀gbin London lábẹ́ ilẹ̀. Kò pẹ́ tí Láńlọ́ọ̀dù fi bẹ̀rẹ̀ wàhálà – orúnkún mi òsì ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń pinnu bóyá màá lọ tàbí màá dúró.

Ẹṣin kan dúró gbagidi láàárín ọ̀nà. Mo kí i: “Ẹ kú ìdúró, sà.” Kò dáhùn, kò sì yà. Mo pẹ̀yìn dà. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà

Mo mú Rosaline dání, ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́, Aládùúrà pọ́ńbélé. A gun òkè Lesnes Abbey, a wọnú igbó, a bá ibì kan tó jẹ́ kìkì iyanrìn. Mo ní, “Sister Rosaline, irú ilẹ̀ tí mo máa rìn ní Canada rèé o.”

Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti bọ́ bàtà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, irú iyanrìn báyìí, ilẹ̀ àánú ni. Wọn kì í fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ṣe ni wọ́n ń yí lórí ẹ̀ gbàdúrà. “Ẹ bọ́ tiyín náà, Mummy Moráyọ̀! Ẹ jẹ́ ká gbé orúnkún yẹn fún Olúwa!”

Pentecostal ni mí. A kì í yí nílẹ̀.

Mo yí.

Ibi tá a ti ń yí ni ajá kan ti gbé bàtà mi kan sáré. Ọkùnrin tó ni ajá ń lé e bọ̀, ó rí wa nílẹ̀, ó dúró, ó bi wá bóyá kóun pe áńbúláǹsì. Rosaline dá a lóhùn: “Halleluyah!” Ó ní ó dáa. Ó gba bàtà náà padà fún mi, àmọ́ eyín ajá ti wọ̀ ọ́.

Nǹkan kan ṣáá ni o – Láńlọ́ọ̀dù ò sọ̀rọ̀ títí mo fi délé. Pásítọ̀ mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Rìn dé igbó Bostall láìjókòó. Láìjókòó!

Ọjọ́ Ẹtì, 4 oṣù keje

Moráyọ̀ pè. “Mummy, don't stress. O lè jókòó sínú mọ́tò, a máa pàdé ẹ at the end.” (Ó ṣì ń sọ “o” fún mi. Ẹ̀bi mi ni.) Inú bí mi, mo ní mo ń se nǹkan lórí iná, mo pa fóònù. Mi ò se nǹkan kan.

Òun nìkan ni mo bí. Bàbá ẹ̀ ò sí mọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é ní “our Mo.” Tí mo bá jókòó sínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, tí òun àti ìyá ọkọ ẹ̀ jọ ń rìn, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín lọ, ta ni mo jẹ́ níbẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Mi ò fẹ́ di àlejò lọ́dọ̀ ọmọ mi.

Mo wọ bàtà eléyín-ajá, mo jáde sínú òjò. Ẹṣin ọjọ́sí tún wà níbẹ̀. Mi ò kí i. Ó yà fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Moráyọ̀ pè nírọ̀lẹ́ láti oko àwọn àna, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ìyá Ethan ò jẹ ata rí láyé ẹ̀! Láti ọjọ́ fídíò yẹn ló ti ń ra ata rodo nígboro, tó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn abà, kójú má bàa tì í níwájú mi. Lánàá ló fi ọwọ́ ata nu ojú. Ọsibítù ni wọ́n gbé e lọ. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ fún Moráyọ̀ nìkan: báwo lòun ṣe máa sọ “no” fún ìyá ìyàwó lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

“Ìwọ náà ńkọ́, Mummy? Swear down, búra fún mi. Ṣé o máa ń rìn lóòótọ́?”

Mo wo bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Iyanrìn lára ẹ̀, eyín ajá lára ẹ̀.

“Mo máa ń rìn,” ni mo sọ. Ọ̀rọ̀ ti jáde tán kí n tó rí i pé kì í ṣe irọ́ mọ́.

Ó gbé fóònù fún Patricia. Ojú ẹ̀ kan ti wú pa. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mò ń jẹ nǹkan yẹn lójoojúmọ́. Mo ní, “Every day, my sister.” Ó bú sẹ́kún, àbí ẹ̀rín ni, mi ò mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ata sílẹ̀. Kó ṣáà máa bá mi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí Láńlọ́ọ̀dù.

Ìkòkò méjì ni màá gbé kaná níbẹ̀: ńlá fún gbogbo ilé, kékeré tí ò lata fún un. Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá bèèrè, ata wà nínú méjèèjì.