Iyẹ̀pẹ̀ Oko Mi Tí Ìyá Ọkọ Mi Kó Sápò

Ẹ gbà mí o. Admin, ẹ má gbé orúkọ mi jáde, torí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ kún orí page yìí. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, ìyá ọkọ mi ò yìn mí rí. Ọbẹ̀ mi ò dùn, ọwọ́ mi ò yá... àfi ìgbà tí mo gbin ẹ̀wà sóyà lọ́dún yìí. Mo fa ọ̀kan tu, mo rí kókó rẹpẹtẹ lára gbòǹgbò ẹ̀, inú mi dùn, torí wọ́n ti kọ́ wa ní mítíìnì àgbẹ̀ pé sóyà tó bá ní kókó nídìí ń bọ́ ilẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ gbin tiẹ̀ sílẹ̀ tuntun lè bu iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ. Mo sáré gbé e lọ fi han màmá. Ṣé mo lè purọ́ fún yín? Mo fẹ́ kó yìn mí ni! Ó sì yìn mí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá kó iyẹ̀pẹ̀ oko mi sápò, ó ní ohun tó ṣe sóyà mi lóore á ṣe iṣu tí òun fẹ́ gbìn sí oko tuntun òun náà lóore.

Àṣé mi ò mọ nǹkan kan... Ewé sóyà bẹ̀rẹ̀ sí í di yẹ́lò, ó ń rọ lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀. Mo pe obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ agric. Ó fi èékánná ha kókó náà, kò já. Ó ní kókó rere máa ń já wẹ́rẹ́, tèmi yìí, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, aràn tíntìntín tójú ò lè rí ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kún inú ilẹ̀ náà. Iṣu, tòmátò, ẹ̀wà, kò sí èyí tí wọn ò lè bà jẹ́. Ó ní kí n hú gbogbo gbòǹgbò jù síná, kí n tú ilẹ̀ fún oòrùn, kí n máa fọ ọkọ́ kí n tó kúrò lóko, kí iyẹ̀pẹ̀ má jáde níbẹ̀ rárá. Rárá kẹ̀! Àpò iyẹ̀pẹ̀ tó ti wà lẹ́yìn ilé ìdáná màmá ńkọ́?

Oko tuntun yẹn nìkan ni màmá gbójú lé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní mo fẹ́ ba oko òun jẹ́ ni, ọkọ mi ò sì ní lè gbè mí. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Mo rò ó pé kí n lọ dà á nù tó bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì... á kàn tún lọ bu òmíràn ni!

Sátidé ni wọ́n máa wọ́n ọn sí oko náà. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò yẹn, èmi ni kí n wá bu àkọ́kọ́, torí ọwọ́ mi dára. Mo sì ní ẹ ṣé, mà... Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá ọkọ, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?