Agolo Abẹ́rẹ́ Wálé

Ìlobù, Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta, 1996

Mo ti wá sọ ọ́ fún Bàbá Tóbi: Wálé, àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró sára.

Ẹ̀rù ọlọ́pàá ni kì í jẹ́ kó ju abẹ́rẹ́ sóde. Abẹ́ ẹní ló ń kó o pamọ́ sí. Láàárọ̀ yìí, mo bá ọ̀kan lọ́wọ́ Tóbi. Kò gún un. Mo yẹ gbogbo ara ẹ̀ wò, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Mo gbé agolo mílíìkì kan fún Wálé. "Kó gbogbo ẹ̀ síbí. Tí n ò bá rí ti àtijọ́, o ò ní rí tuntun gbà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ ti di kọ́sítọ́ọ̀mù!"

Mo pọn Tóbi lọ ra abẹ́rẹ́ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ní Ìfọ́n. Bí Wálé bá lọ, ìwé dókítà ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ò bi èmi ní nǹkan kan. Ìyá ọmọ wo ni kì í ra abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Mo yà lọ́dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan ti agolo. "Mà, ṣé òfin ò ní mú mi?"

"Oògùn yẹn lòfin kà léèwọ̀. Ti abẹ́rẹ́ yìí, n ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ n bi ọ̀gá wa, bóyá a lè máa gba agolo yẹn lọ́wọ́ ẹ."

Bàbá Tóbi ní kí Wálé kó ẹrù ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n n ò sunkún. "Tí ẹ bá lé e, abẹ́rẹ́ ẹlòmíì ni yóò máa lò. Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ kó éèdì ni?"

Bàbá Tóbi fúnra ẹ̀ gbé agolo náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní Wálé lè dúró títí nọ́ọ̀sì yóò fi fèsì.

Ó dá mi lójú pé ohun tó tọ́ ni mo ṣe. Àmọ́ agolo ti ń kún, Tóbi sì ti ń dìde dúró. Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè fún mi lésì.