Aṣojú Tó Dọ̀bálẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta, 2025

Bàkárì dé. Ọmọ tí mo kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìjọba rán àwa olùkọ́ lọ sókè òkun — òun ló di aṣojú Dórímá báyìí. Àgbègbè wọn ti ya kúrò lára orílẹ̀-èdè ńlá, ogun ń lọ, kò sì sí ìjọba kan láyé tó gbà pé orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Ní Àbújá, ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti dá a padà. Ó ní kí n bá òun wá ọba kan, ẹyọ kan péré, tó máa gba òun gẹ́gẹ́ bí aṣojú. Bí àwọn ará ilé bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé ayé ò tíì gbàgbé àwọn.

Kò bọ́ táì nínú ooru àdúgbò Adébáyọ̀ wa yìí. Mo ti sọ ọ́ ní Onítáì.

Ọjọ́rú, 5

Kábíyèsí ìlú ìyá mi gbà! Ìlú kékeré, lẹ́yìn Igbemo. Kò burú — adé ń jẹ́ adé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo kọ́ Onítáì bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí àyà kanlẹ̀, kó má ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. A rẹ́rìn-ín títí.

Àbámẹ́ta, 8

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táì nínú erùpẹ̀. Inú mi dùn ju ti ìyá ìyàwó lọ. Èmi ni mo ṣe ògbufọ̀. Kábíyèsí béèrè ogun, béèrè ebi. Ojú wọn rọ̀. Wọ́n wá ní, "Ọmọ ulé nìyí," ọmọ ilé nìyẹn, lédè ìlú wa. A ya fọ́tò. Onítáì bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní wọ́n ti gbà á. Ó sunkún.

Àìkú, 9

Olóyè Akínyẹlé, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Kábíyèsí, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn.

"Tíṣà, ta ló ní kó dọ̀bálẹ̀? Ẹni tó gbé iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ wá, ìdúró ló fi ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, ọmọ ni. Ọmọ la gbà. A ò gba orílẹ̀-èdè kankan."

Mi ò tíì sọ fún Onítáì.

Ìṣẹ́gun, 11

Fọ́tò tí Onítáì fi ránṣẹ́ sílé ti dọ́wọ́ àwọn ọ̀tá wọn. "Dórímá ti wólẹ̀." Ó wà lórí gbogbo fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìjọba rẹ̀ ti yọ ọ́. Ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n pè é. Kò gbọdọ̀ padà sílé. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ní mi ò mọ̀ ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nírọ̀lẹ́, Akínyẹlé jíṣẹ́ ààfin: Kábíyèsí ti gbọ́, ilẹ̀ wà, kí ọmọ ulé wá kọ́lé sí i. Onítáì dúpẹ́ púpọ̀. Ó wá ní kí n bá òun béèrè bóyá Kábíyèsí lè fi ẹnu ara wọn pe orúkọ Dórímá, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú àwọn ìjòyè.

Akínyẹlé ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán òun.