Fóònù Ní Kí Bàbá Rẹ Ṣẹ́jú

Qiuyan ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Guangzhou? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ọkọ rẹ ti ń jẹun dáadáa? Àwọn baba ńlá wa kò ní gbé ojú kúrò lára yín, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí wọn kò ti fẹ́ ọ. Èmi náà wà, orúnkún ni kò jẹ́ kí n gbádùn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé oko ẹ̀fọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ Màmá Pang, aládùúgbò wa, ti já wọ inú ẹ̀fọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹjọ́ sùn ún, ó ní ẹlẹ́dẹ̀ kò mọ ààlà, mo bi í pé ẹni tó ni ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́.

Mo gba lẹ́tà rẹ. O ní ọdún kan tí bàbá rẹ kú ti ń pé bọ̀, pé ibi iṣẹ́ lè má fún ọ láàyè láti wá, àti pé kí n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé ìdílé tí ìjọba fi ń ka ará ilé, kí oṣù yìí tó parí, torí òfin ni. Mo kà á, mo ká a padà, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Má bínú, mi ò gbàgbé, mi ò fẹ́ lọ ni. Ojú ewé mẹ́ta ló wà nínú ìwé yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí o lọ sílé ọkọ, ọlọ́pàá yọ tìrẹ, ó ku tèmi àti ti bàbá rẹ. Tí a bá tún yọ tiwọn, kí ló kù?

Mo rò pé ìjọba ti gbàgbé ni, àfi bí fóònù bàbá rẹ ṣe dún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo máa ń fún un níná lójoojúmọ́, torí wọn ò fẹ́ kí nǹkan wọn kú sílẹ̀. Ó pe orúkọ bàbá rẹ, ó ní kí Luo Shunfa wá fi hàn pé òun wà láàyè, kí owó arúgbó má baà dúró. Mo dá a lóhùn dáadáa, mo ní wọ́n ti kú láti oṣù kẹsàn-án èṣí, pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Kò gbọ́, ó ní kí wọ́n kojú sí òun. Ohun tí ìjọba bá béèrè, a kì í fi dù ú, mo bá gbé fóònù síwájú fọ́tò wọn tó wà lórí pẹpẹ. Ó ní kí wọ́n ṣẹ́jú. Mo dúró. Ó ní kí wọ́n lanu. Mo sọ fún un pé ẹni tí ò lanu fún dókítà eyín rí láyé, ṣé ìwọ ni wọ́n máa wá lanu fún? Ó ní kí wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. Mo bá di férémù mú, mo mì í bó ṣe wí. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó dùn mí, Qiuyan. Ojú bàbá rẹ rèé kedere, ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó fi abẹ kan ṣoṣo fá orí gbogbo abúlé yìí fún ọdún mọ́kànlélógójì! Ọmọ tuntun tó bá pé oṣù kan, bàbá rẹ ni. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ bá ku ọ̀la, bàbá rẹ ni. Òkú tí a fẹ́ tẹ́ sínú pósí, àwọn náà ni, wọ́n á sì máa bá òkú náà sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, ó ti ń tán. Wọn kì í gbowó òkú. Wọ́n ní oníbàárà tí kò ní padà wá mọ́, kò yẹ ká rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n pariwo mọ́ mi láyé wọn, ọjọ́ tí mo fi abẹ náà gé àlùbọ́sà.

Nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọ, torí ọkọ̀ ojú irin rẹ pẹ́ lọ́jọ́ ìsìnkú wọn. Nígbà tí wọ́n kú, kò sí onígbàjámọ̀ mìíràn lábúlé. Màmá Pang ní ká pe ọmọkùnrin kan wá láti ìlú, tó ń lo ẹ̀rọ oníná. Mo ní rárá, koríko kọ́ la fẹ́ gé. Èmi ni mo fá orí bàbá rẹ. Mo gé wọn lẹ́yìn etí. Wọn ò sọ nǹkan kan. Bàbá rẹ, tó jẹ́ pé bí omi ìfárí bá gbóná jù, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ jẹ mí títí ilẹ̀ á fi ṣú! Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti lọ lóòótọ́, mo sì sunkún gan-an.

Mo wá rò ó pé ó sàn kí èèyàn tó lójú yọ orúkọ wọn ju kí ẹ̀rọ máa ní òun ò rí wọn lọ. Mo wọ ẹ̀wù búlúù mi, mo wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀. Ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Wei ló wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra tẹ òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń yọ òkú, kó má jẹ́ kó bo orúkọ. Ó wò mí, ó tẹ̀ ẹ́ sí igun ìwé, ó ní kí n máa mú ojú ewé náà lọ sílé. Ó wá bi mí pé, Ìyá, ta ni olórí ilé báyìí? Mo ní Luo Shunfa. Ó ní ṣebí àwọn la ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Mo ní mo mọ̀, ìwọ lo bi mí. Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìwé jáde pẹ̀lú orúkọ mi: Olórí ilé, Tian Shuangmei. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi jẹ́ ìyàwó nínú ìwé yẹn. Mo délé, mo wo yàrá, mo wo ibi ìdáná, mo wo àgbàlá. Mo ti di olórí ilé, kò sì sí ẹni tí mo ń ṣe olórí fún.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún tùràrí àti aṣọ oníwèé tí a óò sun fún wọn, kí wọ́n lè rí nǹkan wọ̀ níbi tí wọ́n wà. Má fi sínú fóònù mọ́ o. Èyí tí o ní o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo gbọn fóònù náà títí, owó kankan ò jábọ́. Inú àpòòwé ni kí o fi sí.

Ọ̀nà á là fún ọ, wàá gbó, wàá tọ́, ọmọ á sin ọ́. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ni ọdún wọn pé. Mi ò bẹ̀ ọ́ mọ́. Olórí ilé ló ń bá ọ sọ̀rọ̀, mo sì pàṣẹ: máa bọ̀ wálé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tian Shuangmei